Láti Orí Káún dé Orí Retgersite: Ìsọ̀rí Súlífétì Níkẹ́ẹ̀lì àti Ìṣẹ̀dá Èdè-Ìperí fún Yorùbá Moshie Zongo

1.0 Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò bí a ṣe lè fún àlùmọ́ọ́nì kan tí kò wọ́pọ̀ ní orúkọ ní èdè Yorùbá. Retgersite ni àwọn onímọ̀ àlùmọ́ọ́nì ń pè é. Súlífétì níkẹ́ẹ̀lì ni. Omi wà nínú rẹ̀. Kì í sì í ṣe láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti wà nínú àpáta, ìgbà tí àpáta bá ń pẹtà ni ó tó ń yọ. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kì í ṣe ti onímọ̀ kẹ́mísírì nìkan. Bí èdè kan bá fẹ́ sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun méjì tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀, apá wo nínú gírámà rẹ̀ ni yóò gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́? Ta sì ni orúkọ náà yóò yé?

Moshie Zongo ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. A kò mú àdúgbò yìí nítorí pé a lè wa retgersite níbẹ̀. A mú un nítorí irú Yorùbá tí a ń bá níbẹ̀. Zongo ni a ń pe àdúgbò àwọn àlejò, pàápàá àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n wá láti ìhà àríwá, nínú àwọn ìlú Gánà. Ara àwọn Mossi, tí orírun wọn wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, ni Moshie Zongo ti gba orúkọ tirẹ̀. Àwọn Mossi Kumasi yìí náà ni Enid Schildkrout kọ ìwé lé lórí ní 1978, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní People of the Zongo. Hausa ni èdè àjùmọ̀sọ ní zongo, Twi ni ti ìlú, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ti ilé-ìwé.

Àwọn Yorùbá ti wà lára àwọn ará zongo Kumasi tipẹ́tipẹ́. Oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè náà. Àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, ó sì tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé Yorùbá ká. Lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ́kù àti àwọn tó padà wá, èdè ilé ni Yorùbá: èdè ìkíni, èdè ìdáná, èdè òwò láàárín ara ẹni. Kò sí lára àwọn èdè tí ìjọba Gánà fọwọ́ sí fún ìkọ́ni ní ilé-ìwé. Ọmọ tí a bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ omi, ó mọ iyọ̀, ó mọ ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé èdè-ìperí fún un.

Nàìjíríà ni a ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èdè-ìperí Yorùbá. Ìdánwò tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Babs Fafunwa fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Bámgbóṣé (1984) àti Awóbùlúyì (1990) sì kó èdè-ìperí jọ fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ló fi ọkàn tán an pé ilé-ìwé wà tí yóò gbé ọ̀rọ̀ tuntun dé etí ọmọ. Èrò tiwa ni pé kí a dán orúkọ wò níbi tí ilé-ìwé kò ti sí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó ní Yorùbá inú ilé nìkan bá lè tú u palẹ̀, tí kò sì ṣì í gbọ́ sí ohun tí yóò pa á lára, orúkọ náà yege.

2.0 Kí ni retgersite?

Jan Willem Retgers (1856–1896), onímọ̀ kírísítálì ará Netherlands, ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ àlùmọ́ọ́nì yìí. Clifford Frondel àti Charles Palache ni wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1949. Minasragra, ibi ìwakùsà kan lórí òkè Andes ní orílẹ̀-èdè Peru tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí vanadium, ni ibùdó àkọ́kọ́ tí a fi sí ìwé fún un. Ṣáájú ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti mọ ohun kan náà nínú ìgò: Beevers àti Lipson ti ṣàlàyé ìtò átọ̀mù inú rẹ̀ láti 1932. Ohun tó jẹ́ tuntun ní 1949 ni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe é.

Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ń ṣe é. Nínú àpáta kan, níkẹ́ẹ̀lì àti imí-ọjọ́ so pọ̀ láìsí ọ́síjìn. Súlífáìdì ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí atẹ́gùn àti omi bá kàn án, imí-ọjọ́ yóò gba ọ́síjìn mẹ́rin mọ́ra, súlífáìdì yóò sì di súlífétì. Súlífétì níkẹ́ẹ̀lì máa ń yòrò sínú omi. Omi náà yóò máa sun jáde lára ògiri ihò ìwakùsà, bí ó bá sì gbẹ, èépá aláwọ̀ ewé yóò kù sára ògiri. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó fara jọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́: ìpẹtà. Irin a máa dípẹtà. Súlífétì yìí náà, ìpẹtà àpáta ni. A ó pe àlùmọ́ọ́nì tó bá àpáta wá ní àlùmọ́ọ́nì àkọ́dá, a ó sì pe èyí tó jáde láti ara ìpẹtà ní àlùmọ́ọ́nì àtúndá. (Ẹni tó bá rántí Àtúndá inú ìtàn, ẹrú tó yí òkúta lu Òrìṣà tí Òrìṣà fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí òkúta.)

Nítorí pé ó ń yòrò, òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ibi tó gbẹ tàbí abẹ́ òrùlé ihò ìwakùsà ni ó ti lè pẹ́. Òjò Kumasi kò ní í jẹ́ kó rí ọdún kan já ní ìta gbangba. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ibi tí níkẹ́ẹ̀lì wà ni ó ti lè yọ. Ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire, ní agbègbè Biankouma, níkẹ́ẹ̀lì wà nínú ilẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀ kì í ní imí-ọjọ́ tó lè sọ níkẹ́ẹ̀lì di súlífétì.

Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé tútù tó ní búlúù díẹ̀ nínú. Líle rẹ̀ jẹ́ 2.5 lórí òṣùwọ̀n Mohs, èyí ni pé èékánná ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ lè há a. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2.04 ti omi. Ó máa ń là pẹrẹsẹ bí abala ìwé ní ìhà kan ṣoṣo. Àmì rẹ̀ ni NiSO₄·6H₂O: níkẹ́ẹ̀lì kan, súlífétì kan, mólékùlù omi mẹ́fà. Bí a bá fi ìwọ̀n ṣe é, nínú 100 gíráàmù rẹ̀, omi nìkan tó gíráàmù 41, níkẹ́ẹ̀lì kò sì ju bíi gíráàmù 22 lọ. Ohun gbígbẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì omi ni, ó sì yẹ kí a fi èyí sọ́kàn.

Ìdí ni pé iye omi yìí gan-an ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹ wo (1):

(1) a. dwornikite: omi kan
b. retgersite: omi mẹ́fà
d. nickelhexahydrite: omi mẹ́fà
e. morenosite: omi méje

Minasragra kan náà ni (1a) ti wá. 1982 ni a ṣàpèjúwe rẹ̀, irin díẹ̀ sì máa ń gba ipò níkẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀. Galicia ní ilẹ̀ Spain ni a ti kọ́kọ́ mọ (1e), ní 1851. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, (1e) a máa sọ omi kan nù, a sì di (1b). Inú omi tí a yo súlífétì níkẹ́ẹ̀lì sí ni a ti rí ààlà wọn kedere: bí a bá jẹ́ kí kírísítálì yọ nígbà tí ooru kò tó 31.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, olómi méje ni yóò yọ. Láti ibẹ̀ títí dé nǹkan bíi 53, retgersite ni. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìtò ti (1d) ni.

Ìyàtọ̀ (1b) àti (1d) ni yóò dùn mọ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè jù. Èròjà wọn kò yàtọ̀ rárá. Ìtò ni ó yàtọ̀. Nínú retgersite, ìlà mẹ́ta tí a fi ń wọn kírísítálì dúró ṣánṣán sí ara wọn, méjì gùn bákan náà, ẹ̀kẹta gùn ju wọ́n lọ dáadáa. Nínú nickelhexahydrite, ìlà kan dagẹ̀rẹ̀. Bí a bá kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Ohùn ni ó sọ èyí tó jẹ́ ọkọ ìyàwó àti èyí tó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi. NiSO₄·6H₂O dà bí ọ̀rọ̀ tí a kọ láìfi àmì ohùn sí. Ti (1e) tó di (1b), ìpajẹ ni a lè fi wé: ra ẹja di rẹja, fáwẹ́lì kan lọ, ìyókù tún ara tò. A kò fẹ́ ti àfiwé yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìpajẹ fáwẹ́lì kì í dúró de ọ̀rinrin afẹ́fẹ́.

Nínú ètò ìsọ̀rí Nickel-Strunz, kíláàsì 7 ni gbogbo súlífétì àti àwọn tó jọ wọ́n wà. 7.C ni àwọn tó ní omi ṣùgbọ́n tí wọn kò ní áníọ́ọ̀nù mìíràn kún súlífétì. 7.CB ni ti àwọn tí átọ̀mù irin inú wọn jẹ́ oníwọ̀n àárín nìkan. Lábẹ́ rẹ̀ ni dwornikite ti gba 05, nickelhexahydrite 25, retgersite 30, morenosite 40. Kí a má ṣe rò pé níkẹ́ẹ̀lì ni Nickel tó wà nínú orúkọ ètò náà. Ènìyàn ni: Ernest Nickel (1925–2009), onímọ̀ àlùmọ́ọ́nì. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Àwọn tó gbọ́n jù wá lọ náà ń bá a yí.

3.0 Káún lórí àtẹ zongo

Bí retgersite kò bá sí ní Moshie Zongo, àlùmọ́ọ́nì àtúndá kò ṣàìsí níbẹ̀. Orí àtẹ ni ó wà. Káún, tí àwọn mìíràn ń pè ní kánhún, tí Hausa ń pè ní kanwa, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ṣe. Omi tó gbẹ ní agbègbè adágún Chad àti Borno ni ó fi í sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Hausa ti ń gbé e wá sí ilẹ̀ Asante kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Wọ́n ń gbé e wá, wọ́n ń ra obì padà. Paul Lovejoy kọ ìtàn òwò náà ní kíkún ní 1986. Òun ni à ń fi sínú ẹ̀wà kó tètè rọ̀, òun náà ni à ń fi sínú ewédú; aláwàakyé Kumasi kò lè ṣe láìsí i.

Hausa ní orúkọ fún oríṣiríṣi rẹ̀: jar kanwa ni pupa, farar kanwa ni funfun, ungurnu sì tún wà lọ́tọ̀. Ìsọ̀rí ni èyí, ó sì dára fún iṣẹ́ tí a fi rán an. Àwọ̀ àti ìrísí ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ kẹ́mísírì bá yẹ̀ ẹ́ wò, kábọ́nétì sodium ni ó máa ń bá níwájú, ó sì lè bá súlífétì sodium àti iyọ̀ ọbẹ̀ gan-an nínú èépá kan náà. Ìsọ̀rí ọjà kò bèèrè èròjà, nítorí ẹni tó ń se ẹ̀wà kò nílò rẹ̀.

Káún fi ohun méjì hàn wá. Èkíní, ẹni tó ń sọ Yorùbá ní zongo ti mọ ohun tó ń hù lára ilẹ̀ nígbà tí omi bá gbẹ. Èrò àlùmọ́ọ́nì àtúndá kò ní í ṣòro fún un. Èkejì, àwọ̀ ni ọ̀nà tí ó ti mọ́ ọn lára láti fi pín irú ohun bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

4.0 Orúkọ méjì tí a kọ̀

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé èmi tí mo ń kọ èyí ti ṣe àṣìṣe náà rí. Nínú ìwé kékeré kan tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo pe súlífétì níkẹ́ẹ̀lì ní iyọ̀ aláwọ̀ ewé. Ó dùn ún pè, ó yéni, kò ní ọ̀rọ̀ àyálò kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bi mí pé, ‘Ṣé òun náà ni wọ́n ń fún àwọn aboyún, sà?’ Ohun tí ó ní lọ́kàn ni súlífétì irin, tí dókítà ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Kírísítálì súlífétì irin tó ní omi méje, àwọ̀ ewé ni òun náà. Mo dáhùn pé rárá, mo sì lọ gba ìwé náà padà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Kò sí eré nínú rẹ̀. Ní 1990 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, fi àwọn àdàpọ̀ níkẹ́ẹ̀lì sí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Súlífétì níkẹ́ẹ̀lì náà ni dókítà awọ ara ń fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn aláìsàn láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ kọ níkẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń fi níkẹ́ẹ̀lì bo irin kí ó lè máa dán ń lò ó nínú omi iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tí kò ní í rí retgersite láéláé lè ṣe alábàápàdé ohun kan náà nínú ike. Orúkọ tó bá pa oògùn àti májèlé pọ̀ sábẹ́ àwọ̀ kan kì í ṣe orúkọ tí a lè gbé lọ sí ibi tí kò ti sí olùkọ́.

Àwọ̀ ti tan àwọn mìíràn jẹ ṣáájú mi. Àwọn awakùsà ilẹ̀ Jámánì rí òkúta kan tó pọ́n bíi bàbà; wọ́n yọ́ ọ títí, bàbà kò jáde. Wọ́n ní iwin ló wà níbẹ̀, wọ́n pe òkúta náà ní Kupfernickel: Kupfer ni bàbà, Nickel ni iwin. Ìgbà tí Cronstedt yọ irin tuntun kan jáde lára irú kùsà bẹ́ẹ̀ ní 1751 ni a tó mọ̀ pé kì í ṣe iwin. Ó gé orúkọ náà kúrú, iwin náà sì wà nínú rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni ìṣòro kejì, òun ni ó sì le jù. Àwọn tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní Yorùbá sábà máa ń lo iyọ̀ fún gbogbo àdàpọ̀ irú èyí, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì náà ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún iyọ̀ ọbẹ̀ àti fún ti kẹ́mísírì. Ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ṣeé gbà. Nínú Yorùbá inú ilé, iyọ̀ jẹ́ ohun tí à ń fi sẹ́nu. A ń fi í kan ọmọ tuntun lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ kí ayé rẹ̀ lè dùn; a ń gbàdúrà pé kí a má ṣe di iyọ̀ tó sọ adùn rẹ̀ nù. Àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí kì í ṣí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà nítorí pé onímọ̀ kan sọ bẹ́ẹ̀. A wá rí i pé òṣùwọ̀n wa ní ààlà: ọ̀rọ̀ inú ilé ni ó yéni jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti inú ilé ìdáná wá a máa gbé àṣẹ ilé ìdáná bọ̀, àṣẹ pé a lè jẹ ẹ́. Orí orúkọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó sọ irú ohun tí a ń dárúkọ, ni kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yán lè ti ibẹ̀ wá láìséwu.

5.0 Orúkọ tí a dábàá

A yá orí àpólà lò: súlífétì. A yá orúkọ irin náà lò: níkẹ́ẹ̀lì. Àwọn méjèèjì ti gba ètò sílébù Yorùbá. Kò sí kọ́ńsónáǹtì tó parí sílébù, kò sì sí ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Ìyókù, Yorùbá ni.

(2) oní + omi → olómi
(3) olómi + mẹ́fà → olómi-mẹ́fà

Ìṣẹ̀dá (2) kò ṣàjèjì: òun náà ni a rí nínú aláṣọ, elépo, ọlọ́bẹ̀, níbi tí /n/ inú oní ti ń di /l/ níwájú fáwẹ́lì tí kì í ṣe /i/. Ẹnì kan lè sọ pé olómi ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀, bí a ti ń sọ pé ọbẹ̀ olómi, ọbẹ̀ tí kò ki. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òǹkà tó tẹ̀ lé e kò jẹ́ kí ìtumọ̀ yẹn dúró. A kì í ka ṣíṣàn. Ẹlòmíràn lè sọ pé a kì í ka omi. À ń kà á. Ẹni tó bá fẹ́ ra omi inú ọ̀rá, yálà ní Kumasi tàbí ní Ìbàdàn, ohun tó máa sọ ni pé ‘ẹ fún mi ní omi méjì.’ Ẹyọ omi ti wọ Yorùbá nípasẹ̀ ọ̀rá. Kí a bá a lọ síbi mólékùlù.

Ó ku ìyàtọ̀ ìtò. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ rò ni onídùúró, láti ara ìdúró, ṣùgbọ́n onídùúró ti wà nílé ẹjọ́, ó ń ṣe onígbọ̀wọ́. Ìbejì náà kò ṣeé lò, nítorí àwọn onímọ̀ kírísítálì ní ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní ìbejì, ìyẹn kírísítálì méjì tó hù pọ̀ mọ́ ara wọn. A wá gba àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-:

(4) a + dúró ṣánṣán → adúróṣánṣán
(5) a + dagẹ̀rẹ̀ → adagẹ̀rẹ̀

Báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí:

(6) a. súlífétì níkẹ́ẹ̀lì olómi-kan (dwornikite)
b. súlífétì níkẹ́ẹ̀lì olómi-mẹ́fà adúróṣánṣán (retgersite)
d. súlífétì níkẹ́ẹ̀lì olómi-mẹ́fà adagẹ̀rẹ̀ (nickelhexahydrite)
e. súlífétì níkẹ́ẹ̀lì olómi-méje (morenosite)

Morenosite náà dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n a kò nílò láti sọ ọ́, nítorí iye omi ti yà á sọ́tọ̀. Bí fóníìmù ṣe rí nìyẹn: ohun tó ń mú ìyàtọ̀ wá nìkan ni a ń kọ sílẹ̀.

Ètò ọ̀rọ̀ (6) tọ́ sí àkíyèsí. Nínú àpólà orúkọ Yorùbá, orí ni ó ń ṣíwájú, ẹ̀yán ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń sọ orúkọ náà lọ, ó ń ti ibi tó gbòòrò bọ̀ sí ibi tó ṣe tóóró, ibi tó bá sì dúró sí ni ìsọ̀rí yóò dúró sí pẹ̀lú. Súlífétì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kò ní í gbọ́ iyọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pe níkẹ́ẹ̀lì kí ó tó pe súlífétì. Retgersite ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan ju pé Retgers ti gbé ayé rí. Èmi kò fẹ́ sọ pé (6) àti ètò Nickel-Strunz bára mu pátápátá. Ètò náà bèèrè omi kí ó tó bèèrè irin, àpólà tiwa sì pe irin ṣáájú omi. A lè yí i padà, kí a ní súlífétì olómi-mẹ́fà níkẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kò dún bí Yorùbá létí mi.

A kò ní kí a ju retgersite nù. Àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ àlùmọ́ọ́nì ti fọwọ́ sí àlùmọ́ọ́nì tó ju 6,000 lọ, orúkọ wọn sì ni àmì ìdánimọ̀ wọn káàkiri ayé. Retgersite dà bí orúkọ àbísọ, (6b) dà bí oríkì: ọ̀kan fún ìpè, èkejì fún ìmọ̀.

6.0 Omi keje

Ohun kan wà tí (6) kò yanjú. Nínú súlífétì níkẹ́ẹ̀lì olómi-mẹ́fà, ta ni olómi-mẹ́fà ń yán? Níkẹ́ẹ̀lì ni àbí gbogbo àpólà? Gírámà gba méjèèjì:

(7) a. [súlífétì [níkẹ́ẹ̀lì olómi-mẹ́fà]]
b. [[súlífétì níkẹ́ẹ̀lì] olómi-mẹ́fà]

Lórí retgersite, ìtumọ̀ méjèèjì jẹ́ òtítọ́. Omi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí níkẹ́ẹ̀lì ká, wọ́n sì dì mọ́ ọn. Súlífétì dúró lọ́tọ̀, okùn háídírójìn tí kò lágbára ni ó so wọ́n pọ̀. Lórí morenosite, (7b) nìkan ni ó tọ́. Omi mẹ́fà ni níkẹ́ẹ̀lì di mú níbẹ̀ pẹ̀lú. Omi keje kò kan níkẹ́ẹ̀lì, àlàfo ni ó wà. Òun ni ó máa ń lọ bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Bí a bá fẹ́ kí orúkọ sọ èyí, a lè ní olómi-mẹ́fà-òun-kan dípò olómi-méje. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ nípa ilé tí omi keje ń gbé. Mo fi sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ láti yàn. Ní tèmi, olómi-méje tó fún ojoojúmọ́.

Òǹkà fúnra rẹ̀ lè di ìṣòro bí a bá kúrò lórí níkẹ́ẹ̀lì. Alunogen, súlífétì aluminium kan tí òun náà jẹ́ àlùmọ́ọ́nì àtúndá, omi 17 ni ó ní. Bí a bá tẹ̀ lé (3), olómi-mẹ́tàdínlógún ni, ìyẹn olómi tí mẹ́ta dín nínú ogún. Ọmọ Moshie Zongo tí a ní lọ́kàn mọ mẹ́fà àti méje. Ṣùgbọ́n òǹkà aláyọkúrò yìí, èyí tí kì í ṣe ọ̀nà tí Hausa, Twi àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gbọ́ lójoojúmọ́ ń gbà ka mẹ́tàdínlógún, a kò lè fi ọkàn tán pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àbá wa ni pé láti 11 lọ sókè, kí a máa kọ nọ́ńbà: súlífétì aluminium olómi-17. Ẹni tó bá mọ mẹ́tàdínlógún yóò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kà á ní èdè tó bá wà lẹ́nu rẹ̀, olómi yóò sì ṣì wà ní Yorùbá níwájú rẹ̀.